Lẹ́tà Tí Wọ́n Ti Tú Wò

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi lu òǹtẹ̀
ní ilé ìfìwéránṣẹ́ Ìsánlú.
Mo mọ ọwọ́ ìkọ̀wé gbogbo agboolé,
n kò mọ ohun tí wọ́n kọ.
Bí àpòòwé bá ya, gọ́ọ̀mù ni mo fi ń lẹ̀ ẹ́,
màá yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan
bí ẹni tó ṣèèṣì kan ìyàwó onílé ní balùwẹ̀.

Ọlọ́runnípa nìkan ló já wa kulẹ̀.
Ooru kẹ́tùlù ló fi ń rọ lẹ́tà lójú,
yóò kà á tán, yóò lẹ̀ ẹ́ padà, ojú rẹ̀ yóò dán.
Obìnrin kan ní Ìdófin gbọ́ ọ̀rọ̀ ọmọ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀tá
kí lẹ́tà tó dé ọwọ́ ẹ̀.
Ọjọ́ tí wọ́n lé e, ó ní:
"Ṣé mo jí owó ẹnikẹ́ni ni? Mo kàn kà á."

N kò rántí gbólóhùn yẹn mọ́,
àfi ní ọyẹ́ tó kọjá.

Ọmọ mi fi kọ̀ǹpútà ránṣẹ́ sí mi láti Kàdúná.
Mo gbé e sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé tó kọjú sí àpáta.
Aago ni mo wá kiri nínú rẹ̀,
aago tó ń dún bíi ti ara ògiri ọ́fíìsì wa,
gbáun, gbáun,
kí ilé má baà dákẹ́ jù láti ìgbà tí ìyàwó mi ti lọ.
Wọ́n ní ọ̀fẹ́ ni.
Ọ̀fẹ́ ni mo fẹ́, n kò mọ̀ pé ọ̀fẹ́ náà fẹ́ mi.
Mo tẹ "Mo gbà", mo tún tẹ "Mo gbà",
èmi tí mo máa ń ní kí àgbẹ̀ gbọ́ ìwé yé kó tó tẹ̀ka!
Àpótí kékeré mẹ́ta wà nísàlẹ̀,
wọ́n ti fi àmì sí i kí n tó dé.

Aago dún fún ọjọ́ méjì.
Lọ́jọ́ kẹta, ìpolówó bẹ̀rẹ̀:
oògùn ìbàdí, bàtà, wúńdíá tó fẹ́ rí mi lálẹ́ yìí.
Mo pa ọ̀kan, mẹ́rin wọlé.
Mo kọ̀wé sí àna mi nípa kajú wa tí kò tíì tà;
kó tó di ìrọ̀lẹ́, àpò kajú ti kún ojú ẹ̀rọ.
Ara mi bù máṣọ.
Níhìn-ín, ẹni tó bá wọ àgbàlá yóò ní "Okun o!"
kí ajá tó gbó.
Èyí wọlé, kò kí mi,
ó jókòó, ó ń kà mí.

Ọlọ́runnípa, ṣé ìwọ nìyí?

Adúràmígbà, ọmọ àbúrò mi, wá láti Kàbà.
Kò pariwo. Ó kọ́kọ́ já íńtánẹ́ẹ̀tì,
"kó má baà ránṣẹ́ sílé, Bàbá."
Ó tú aago mi dànù. Àwọn tí n kò pè ló bá a wọlé,
bí ẹ̀mọ́ ṣe ń bá ṣòkòtò dé láti oko.
Wákàtí méjì ló fi yẹ inú ẹ̀rọ wò,
èmi ń tẹ́tí sí jẹnẹrétọ̀
bíi pé epo kò ní tó.

Mọ́kànlá ni.

Lórí fóònù tirẹ̀ la ti pààrọ̀ ọ̀rọ̀ ìwọlé báńkì,
a kò ṣe é lórí aláìsàn.
Orúkọ ìyàwó mi ni tẹ́lẹ̀. Ó dùn mí láti yọ ọ́.
Ó ní bí ẹ̀rọ bá béèrè àtúnṣe, kí n má wí pé ó di ọ̀la;
ó ní ibi tó bá ń ké pé "kọ̀ǹpútà rẹ ń ṣàìsàn, tẹ ibí",
ibẹ̀ gan-an ni àìsàn wà.

Nígbà tó lọ, mo ṣí dúrọ́ọ̀,
mo rí sítáǹpù àtijọ́ kan, kọ́bọ̀ márùn-ún.
Mo fi itọ́ tọ́ ẹ̀yìn rẹ̀,
mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú kámẹ́rà.

Kò jí owó mi. Ó kàn kà á.
Ilé ti dákẹ́ padà.
Ẹ jẹ́ kó dákẹ́.